Kátárátì: Ojú Tí Ó Ṣókùnkùn Tún Lè Ríran

Ojú ni ọba ara. Síbẹ̀, bí Ìyá Àgbà bá ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife, tí kò sì mọ ẹni tí ó kí i àfi bí ó bá gbọ́ ohùn rẹ̀, a máa ń sọ pé, "Ogbó ló dé." A ó fún un ní ọ̀pá, a ó sì yan ọmọ tí ó yẹ kí ó wà ní ilé-ìwé láti máa fà á lọ́wọ́. Ẹ̀yin ìyá wa, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ kátárátì, kátárátì sì ní ìtọ́jú.

KÍ NI KÁTÁRÁTÌ?
Lẹ́yìn ọmọlójú, nǹkan kékeré kan wà tí ó mọ́ gaara bí dígí. Inú rẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá kí a tó lè ríran. Bí ó bá ṣú bí omi ẹ̀kọ, a di pé kátárátì dé. Ọjọ́ orí ni ó ń fà á jù lọ, ṣùgbọ́n àtọ̀gbẹ, sìgá mímu àti ìfarapa ojú náà lè fà á. Kì í ranni, kì í sì í dunni. Ìdí nìyí tí a kì í fi tètè fura.

ÌKÓKÓ ŃKỌ́?
A lè bí ọmọ pẹ̀lú rẹ̀. Bí ẹ bá rí funfun nínú ọmọlójú ìkókó, ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kíákíá. Bí ó bá pẹ́, ojú náà lè má ríran dáadáa mọ́ láéláé.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE
Kò sí oògùn ìkán-sójú tí ó lè wo kátárátì sàn. Ẹ má ṣe kán omi ewé, omi ọmú tàbí ìtọ̀ sí ojú. Àwọn kan sì ń kiri, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ti dígí inú ojú náà ṣubú sẹ́yìn. Aláìsàn lè rí ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ojú ọ̀pọ̀ wọn ni ó ń fọ́ pátápátá níkẹyìn. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú ojú 100 tí a ti ṣe nǹkan sí nítorí kátárátì, ó lé ní 40 tí a ṣe báyìí fún.

IṢẸ́ ABẸ
A kì í yọ ẹyin ojú jáde, bí àwọn kan ti rò. Dókítà ojú yóò fi oògùn pa ìrora, yóò yọ dígí tí ó ṣú kúrò, yóò sì fi àtọwọ́dá tí ó mọ́ gaara rọ́pò rẹ̀. Kì í sábà tó wákàtí kan, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì ń padà sílé lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn rẹ̀, kí ó má ṣe fi ọwọ́ ra ojú, kí ó má ṣe gbé ẹrù wúwo, kí ó sì máa lo oògùn tí a fún un. Bí ojú bá ń dun ún tàbí tí ó pọ́n gidigidi, ẹ dá a padà sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ ìsìnkú kí ẹ tó dá owó jọ fún ìyá yín. Ẹ dá a nísinsìnyí, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ọmọ-ọmọ rẹ̀.