Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò onítábò, ẹ gbọ́ èyí kẹ́ ẹ tó náwó lé íńtákúlà

Láàárín àwọn tó ń fi mọ́tò ṣòwò, pàápàá àwọn tó ní bọ́ọ̀sì àti mọ́tò akẹ́rù tó ń lo epo dísù, ìmọ̀ràn kan wà tó máa ń jẹ yọ tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń mí gúlegúle lórí òkè. Wọ́n á ní kí onímọ́tò lọ ra íńtákúlà tòkúnbọ̀, kí mẹkáníìkì bá a so ó mọ́ tábò, wàhálà á sì tán. Àwọn tó ń tà á á tún fi kún un pé epo tí mọ́tò náà ń jẹ máa dín kù. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọjà náà wà níbẹ̀. Owó tó ń bá a lọ kì í ṣe kékeré, owó ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù sì ni ẹlòmíì fẹ́ yá láti fi rà á. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kéèyàn mọ iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe gan-an.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ́ńjìnnì kò lè jó epo láìsí afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ tó wọlé bá ṣe pọ̀ tó ni epo tó lè jó jinná ṣe máa pọ̀ tó, ibẹ̀ ni agbára sì ti ń wá. Ọmọ orílẹ̀-èdè Switzerland kan, Alfred Büchi, ló kọ́kọ́ gbàwé ẹ̀rí lórí ọgbọ́n tábò lọ́dún 1905. Èéfín gbígbóná tó ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ń yí fáànù kékeré kan. Orí ọ̀pá kan náà ni fáànù yìí àti èkejì rẹ̀ wà, èkejì yìí ló sì ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì. Èéfín tí ì bá ṣòfò ló di òṣìṣẹ́ yẹn.

Àmọ́ afẹ́fẹ́ tí wọ́n bá fún pọ̀ máa ń gbóná. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ọ̀ǹpù náà máa ń gbóná lọ́wọ́. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ti gbóná, ṣe ló máa ń fẹ̀, á gba àyè púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní wúwo. Ohun tí tábò ń fi ọwọ́ kan kó wọlé, ooru ń fi ọwọ́ kejì kó o jáde.

Ohun tí íńtákúlà wà fún nìyí. Ó jọ rédíétọ̀, ṣùgbọ́n dípò omi, afẹ́fẹ́ tó ti inú tábò bọ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, atẹ́gùn ìta á máa fẹ́ sí i lára, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á sì tutù kó tó dé ẹ́ńjìnnì.

Bí èrè rẹ̀ ṣe pọ̀ tó

Ẹ jẹ́ ká lo géèjì tí àwọn fókánáísà fi ń wọn afẹ́fẹ́ táyà, èyí tí táyà mọ́tò kékeré máa ń gba bíi 30 lórí rẹ̀. Ká ní ooru ojú ọjọ́ jẹ́ 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí tábò sì ń ti afẹ́fẹ́ tó tó 15 lórí géèjì yẹn. Afẹ́fẹ́ náà lè gbóná kọjá 110 kó tó dé ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ni pé ó gbóná ju omi tó ń hó lọ. Íńtákúlà tó dáa lè fà á wálẹ̀ sí nǹkan bíi 60. Lẹ́yìn tá a bá ti yọ agbára díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ máa pàdánù bó ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé á fi nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èrè tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà nìyẹn.

Ká wá ní tábò náà kò lágbára, tó jẹ́ pé 6 péré ló ń tì. Afẹ́fẹ́ náà kò ní gbóná ju bíi 75 lọ. Bí íńtákúlà bá fà á wálẹ̀ sí 50, tá a sì yọ ohun tó pàdánù lọ́nà, èrè tó máa ṣẹ́ kù lè má ju ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Dẹ́rẹ́bà kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Bí tábò bá ṣe ń tì tó ni íńtákúlà ṣe máa wúlò tó. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ bi mẹkáníìkì yín nìyẹn.

Ẹ wo ẹ́ńjìnnì 2KD ti Toyota, èyí tó ń lo dísù, tó wà nínú àwọn Hilux kan tó jáde láàárín ọdún 2000 sí 2010. Èyí tí kò ní íńtákúlà ní agbára ẹṣin 102. Èyí tí wọ́n fi íńtákúlà sí láti fákítọ̀rì ní 120. Àmọ́ kì í ṣe íńtákúlà nìkan ló ṣe é o. Àwọn tó ṣe mọ́tò náà tún ìwọ̀n epo tó ń wọ ẹ́ńjìnnì ṣe kó lè bá afẹ́fẹ́ tuntun náà mu. Ẹni tó bá kàn so íńtákúlà mọ́ ẹ́ńjìnnì dísù láìfọwọ́ kan epo kò ní rí agbára tó pọ̀. Ohun tó máa rí ni pé epo á jó jinná sí i, èéfín dúdú á dín kù, ooru inú ẹ́ńjìnnì á sì rọlẹ̀. Èyí náà kì í ṣe ohun kékeré fún mọ́tò tó ń fi ẹrù wúwo gun òkè fún ìgbà pípẹ́, torí ooru àpọ̀jù ló ń jó písítìn, òun náà ló sì ń ba tábò jẹ́.

Ní ti ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá gbóná jù, epo lè gbiná fúnra rẹ̀ kó tó tó àkókò, ẹ́ńjìnnì á sì máa kan gbàgbàgbà. Ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ jù nínú mọ́tò onípẹtiróòlù onítábò òde òní fi ń bá íńtákúlà wọn wá láti fákítọ̀rì.

Ibi tó ti lè di àdánù

Nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ Èkó, atẹ́gùn kì í fẹ́ sí íńtákúlà, tábò fúnra rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀sì tó jẹ́ pé inú ìgboro nìkan ló ti ń ná kò ní jèrè rẹ̀. Bákan náà, iwájú rédíétọ̀ ni ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń gbé e sí, òun ló sì máa kọ́kọ́ gba atẹ́gùn tútù. Bí rédíétọ̀ bá ti ń ṣàárẹ̀ tẹ́lẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, gásíkẹ́ẹ̀tì á jó, owó tí wọ́n fẹ́ fi wá agbára á wá di owó ìtúnṣe ẹ́ńjìnnì. Bí páìpù ibẹ̀ bá sì gùn jù, mọ́tò á máa lọ́ra kó tó dáhùn nígbà tí dẹ́rẹ́bà bá tẹná.

Ní ti epo tí wọ́n ní ó máa dín kù, tó bá tiẹ̀ máa dín kù, díẹ̀ ni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ máa fi ìdajì epo rin ọ̀nà kan náà, ọjà ló ń tà.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí wọ́n ní kò lágbára, fíltà afẹ́fẹ́ rẹ̀ ló ti dí. Ti ẹlòmíì, họ́ọ̀sì tábò ló ti ya, tàbí kí kílíìpù rẹ̀ ti tú. Ẹ ní kí wọ́n da omi ọṣẹ sí àwọn oríkèé náà nígbà tí wọ́n bá ń fẹ́ afẹ́fẹ́ síbẹ̀, ibi tó bá ti ń hó ni afẹ́fẹ́ ti ń jò. Ti àwọn míì, nọ́sù ló ti bàjẹ́. Owó tó ń tún nǹkan wọ̀nyí ṣe kò tó owó íńtákúlà, òun gan-an sì lè jẹ́ oògùn tí mọ́tò náà ń fẹ́.

Bó bá wá jẹ́ pé gbogbo wọn ló péye, tí tábò ń tì dáadáa, tí mọ́tò sì ń gbé ẹrù rìn ọ̀nà jíjìn, bí àwọn tó ń gba ọ̀nà olókè Ẹ̀fọ̀n Alààyè, a jẹ́ pé owó náà kò ní ṣòfò. Ẹ ra èyí tó bá ẹ́ńjìnnì yín mu. Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ láti ọjà bíi Ládípò, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ inú rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e. Tábò tó fọ́ lára mọ́tò tó ti wá lè ti da èérún irin àti ọ́ìlì síbẹ̀. Èérún irin lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ọ́ìlì náà, bó bá pọ̀, ẹ́ńjìnnì dísù á máa jó o bí epo, á sì máa sáré fúnra rẹ̀ kódà bí wọ́n bá ti pa kọ́kọ́rọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú epo sí i kọjá ìwọ̀n torí pé ẹ ti ní íńtákúlà. Bí èéfín dúdú bá padà wá lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nìyẹn. Ẹ ní kí wọ́n dín in kù lọ́jọ́ náà gan-an.