Bí Ilé Àtijọ́ Ṣe Ń Di Ohun Ìrántí Ìjọba

Ẹ wo àwọn ilé amọ̀ tó ṣẹ́ kù ní Ìgànná, àwọn tí páànù orí wọn ti dípẹtà. Ẹlòmíì á ní ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ lásán ni. Bẹ́ẹ̀ Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, fi Ìgànná ṣe ìlú pàtàkì jù ní Ẹkùn Ọ̀tún, ní apá ọ̀tún odò Ògùn, ó sì ka Sabigànná, ọba ìlú náà, mọ́ àwọn ọba ẹkùn náà. Irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò lè ṣàì ní ilé tó yẹ ní títọ́jú. Ṣùgbọ́n ta ní ń sọ pé ilé kan yẹ bẹ́ẹ̀, báwo ló sì ṣe ń sọ ọ́?

Iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àkọsílẹ̀: kí a wọn ilé, kí a yà á, kí a sì kọ ìtàn rẹ̀. Ìkejì ni ìkéde: kí ìjọba fi òfin sọ pé ilé náà ti di ohun ìrántí. Ìjọba nìkan ló lè ṣe ìkejì. Àkọ́kọ́, ẹ̀yin náà lè ṣe é, òun ni mo sì kà sí jù.

Ẹni méjì ló ń wọn ilé, pẹ̀lú téèpù kan. Wọ́n á wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún wọ̀n ọ́n láti igun kan sí igun tó kọjú sí i, lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ó bi mí pé kí ni ti ìlọ́po yìí? Yàrá amọ̀ kì í sábà dọ́gba. Bí ẹ bá wọn ẹ̀gbẹ́ nìkan, ẹ ó ya yàrá tó gún régé sórí ìwé, èyí tí kò sí níbì kankan. Ìwọ̀n igun sí igun ló ń tú àṣírí yàrá tó wọ́. Ẹnu ọ̀nà sì ni wọ́n ti ń wọn bí ògiri ṣe nípọn tó, torí ibẹ̀ ni téèpù ti lè kọjá. Tí ẹ bá ń yà á, ẹ fi sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún àádọ́ta. Yàrá tó gùn ní mítà 3 á di sẹ̀ǹtímítà 6 lórí ìwé.

Ẹ tún wo ibi tí ìrẹ́lé bá ti ṣí sílẹ̀ lára ògiri. Ẹ ó rí ìlà gbọọrọ tó dùbúlẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì: ibẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀lé dúró sí, tí wọ́n jẹ́ kí amọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé ìpele mìíràn lé e. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ ibi tí wọ́n fi síméǹtì rẹ́ pẹ̀lú, torí síméǹtì máa ń há omi mọ́ amọ̀ nínú, ògiri á sì máa jẹrà lábẹ́ ohun tó dà bí ẹ̀ṣọ́.

Ọjọ́ orí ilé ló ń le. Ẹ má bi àgbàlagbà pé ọdún wo ni wọ́n kọ́ ọ. Ó lè dárúkọ ọdún èyíkéyìí kó lè tẹ́ yín lọ́rùn. Ẹ bi í bóyá wọ́n ti kọ́ ọ kí ìjà tí àwọn ará Òkèhò àti Ìsẹ́yìn bá ìjọba amúnisìn jà tó ṣẹlẹ̀. 1916 nìyẹn. Ṣé àwọn tó kọ́ ọ rí àjàkálẹ̀ àrùn lúkúlúkú? 1918 nìyẹn. Ṣé koríko bẹẹrẹ ni wọ́n kọ́kọ́ fi bò ó, àbí páànù? Ẹ bi ẹlòmíì lọ́tọ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọn kò bá dọ́gba, ẹ kọ méjèèjì. Ẹ kì í ṣe adájọ́.

Ó wá kan ìkéde. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó o ni National Commission for Museums and Monuments, tí àá máa pè ní Àjọ Ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfin ológun ọdún 1979 ló dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n láti 1953 ni òfin ohun àtijọ́ ti wà ní Nàìjíríà. Àjọ náà á yẹ ilé wò, á fi tó onílé létí, á sì gbọ́ ti ẹni tó bá fẹ́ takò ó. Nígbà tí ìjọba bá tẹ orúkọ ilé náà sínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé tí ìjọba fi ń kéde òfin, ó ti di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè nìyẹn. Ilé kò kúrò lọ́wọ́ ẹbí, àmọ́ wọn kò gbọ́dọ̀ wó o tàbí yí i padà láìgba àṣẹ. Ẹbí tó bá ń bẹ̀rù èyí kò jẹ̀bi lójú tèmi, torí ìkéde kì í mú owó àtúnṣe dání.

Ìjọba ìpínlẹ̀ náà lè dáàbò bo ilé. Ti àgbáyé sì wà lọ́wọ́ UNESCO. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1965, ó sì wọ ìwé àgbáyé ní 2005: ogójì ọdún láàárín! Ọ̀yọ́-Ilé, tí Òkè-Ògùn wa, ẹkùn tí Ìgànná wà, fi ń yangàn, ti wà lórí ìwé àwọn tó ń dúró láti 1995.

Ṣé ìkéde wá ń gba ilé là? Ẹ gbọ́ ti Ìlọ́jọ Bar ní Tinúubú, l'Ékòó, ilé tí ìdílé Fernandez, àwọn àgùdà, kọ́ ní 1855. Ìjọba kéde rẹ̀ ní 1956. Lọ́jọ́ Sunday, 11 oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o palẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin ṣì wà lórí rẹ̀. Ìkéde dà bí ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí: ó ń sọ ẹni tí ọmọ jẹ́, kì í bọ́ ọmọ. Ilé tó bá sì ti wó, àwòrán àti ìwọ̀n tí ẹnìkan ti ṣe ṣáájú nìkan ni ẹni tó bá fẹ́ tún un kọ́ lè gbára lé.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní ilé kan lọ́kàn ní Ìgànná, ọ̀dọ̀ baálé agbo-ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ, kí ẹ tó yọ téèpù. Ẹ sọ fún un pé ẹ kò wá gba ilé, ẹ kò sì wá bu owó orí lé e. Ẹ lọ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí ògiri gbẹ, kí ẹ lè rí ojú ìlà amọ̀ dáadáa. Tí ẹ bá parí, ẹ fi ẹ̀dà kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ baálé, ẹ gbé ọ̀kan sí ààfin, kí ẹ sì mú ẹ̀kẹta lọ sílé.