Fíìmù onífíìmù: ayọ̀ ibẹ̀ pọ̀, ẹ̀dùn ibẹ̀ náà kò kéré

Àwọn àgbà inú wa lè béèrè pé kí ló kan àwọn nínú ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ṣe fíìmù tí kò lè tà. Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ náà ti wọ ilé wa. Àwọn ọmọ-ọmọ wa tó ń fi fóònù ya ara wọn lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n ń sín eré Òyìnbó jẹ, iṣẹ́ yìí gan-an ni wọ́n ń ṣe.

Fíìmù olólùfẹ́ ni a lè pè é. Ẹnì kan fẹ́ràn fíìmù kan títí wíwò kò fi tó o mọ́, ó wá kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ, ó ní kí àwọn náà ṣe é.

Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ti ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà wá. Ní 1981 ni fíìmù Raiders of the Lost Ark, tí Steven Spielberg darí, jáde. Nígbà tó di 1982, Chris Strompolos àti Eric Zala, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 13, pinnu pé àwọn yóò tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Jayson Lamb dara pọ̀ mọ́ wọn, òun ló ń mójú tó kámẹ́rà. Ọdún méje ni wọ́n fi ṣe é, lásìkò ìsinmi ilé-ìwé. Níbi tí ọ̀bọ ti wà nínú fíìmù àkọ́kọ́, ajá ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ibi tí ilé ọtí ti ń jóná, yàrá abẹ́ ilé ìyá Eric ni wọ́n dáná sí. Nítorí pé wọn kò yà á lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó wọlé bí ọmọdé lè jáde bí géńdé tí ohùn rẹ̀ ti kì.

Wọ́n parí rẹ̀ ní 1989, ó ku ibì kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ti bú gbàmù. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ọ̀rẹ́ náà tú ká, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n téèpù náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, títí Spielberg fúnra rẹ̀ fi wò ó, tó sì kọ lẹ́tà ìyìn sí wọn. Ní 2014, tí wọ́n ti lé ní ẹni 40 ọdún, wọ́n padà lọ ya ibi tó ṣẹ́kù. Owó tí àwọn ènìyàn dá fún wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lé ní 50,000 dọ́là.

Ibí yìí ni ọkàn ti máa ń di méjì. Ayọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́: ẹni tó bá ṣe é yóò kọ́ bí a ti ń tan iná, bí a ti ń gba ohùn, bí a ti ń gé àwòrán lẹ̀ mọ́ra wọn, láìsí olùkọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá máa yìn ín, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti ẹlòmíràn. Òógùn tirẹ̀ ni, ìtàn kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ wa ni yóò tètè lóye èyí. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, yóò sì san ìṣákọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá gbin kòkó tàbí obì láìgba àṣẹ, onílẹ̀ yóò dìde. Bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí Alec Peters ní Amẹ́ríkà, tó fẹ́ ṣe fíìmù kan tó ń jẹ́ Axanar lórí ìtàn Star Trek. Owó tí àwọn olólùfẹ́ dá fún un ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ní December 2015, àwọn iléeṣẹ́ CBS àti Paramount gbé e lọ sí kóòtù. Ní 2016, wọ́n gbé òfin jáde fún gbogbo irú fíìmù bẹ́ẹ̀: kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 15 lọ, tàbí apá méjì tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30, owó tí wọ́n bá dá kò sì gbọdọ̀ ju 50,000 dọ́là lọ. Wọ́n parí ìjà náà ní January 2017.

Nílé wa níbí ńkọ́? Ní Ìkòròdú, ní 2017, àwọn ọmọdé tó ń jẹ́ Ikorodu Bois bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun èlò inú ilé àti bárò sín fíìmù ńláńlá jẹ. Ní 2020 wọ́n ṣe ti Extraction, Joe àti Anthony Russo tí wọ́n wà nídìí fíìmù náà sì yìn wọ́n ní gbangba. Netflix fi ohun èlò ìyàwòrán ta wọ́n lọ́rẹ. Onílẹ̀ tó rẹ́rìn-ín nìyẹn, ṣùgbọ́n onílẹ̀ náà ló láṣẹ bóyá yóò rín in tàbí kò ní rín in.

Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022 ní Nàìjíríà fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fi iṣẹ́ ẹlòmíràn ṣe ẹ̀fẹ̀ tàbí àwàdà. Àyè náà kò ní kí ènìyàn máa ta iṣẹ́ oníṣẹ́.

Ẹ má ṣe tìtorí èyí gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ. Ọmọdé ìgbà tiwa náà so ewé àti àkísà mọ́ra, ó ṣe bí egúngún. Kí ẹ kàn bi í léèrè, bó bá sín ti Òyìnbó jẹ tán, pé ìtàn abúlé tiwa ńkọ́? Ìwé Amos Tutuola tó jáde ní 1952 ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé sórí ìtàgé ní Ìbàdàn ní 1963. Tutuola fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Ìtàn ẹlòmíràn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlù, orin àti ijó tí Ògúnmọ́lá fi sí i ló jẹ́ kí àwọn tó wo Ọ̀mùtí máa dárúkọ òun náà títí di òní. Gèlè ò dùn bí ká mọ̀ ọ́n wé, ká mọ̀ ọ́n wé ò sì dà bí kó yẹni.