Wòlímọ̀ àti Ìpàdé PTA ní Ìwó

Ní Ìwó, òbí kì í pẹ́ dé ibi wòlímọ̀ ọmọ rẹ̀, ayẹyẹ tí a ń ṣe fún ọmọ tó ka Kùránì tán. Ó máa ń ku oṣù bíi mélòó kan tí ìyá ọmọ ti ń dá àjọ, tí bàbá ti ń wá àgbò kiri, tí àwọn ẹbí tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó ti ń bèèrè iye tí aṣọ ẹbí jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ọmọ yìí kan náà ló ń fa ìwé ìpè PTA, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, jáde nínú báàgì ilé ìwé rẹ̀. Ìwé ọ̀hún lè sùn sórí tẹlifíṣọ̀n títí ọjọ́ ìpàdé yóò fi kọjá. Òbí kan náà ni o. Kí ló dé tí ẹsẹ̀ yá síbì kan, tó wúwo síbì kejì? Nínú àwùjọ méjèèjì yìí, èwo ló sì yẹ ká gbé ipò àgbà fún?

Kéú, ẹ̀kọ́ Kùránì, ti pẹ́ ní ìlú yìí. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Mọ́mọ́dù Lámúyè, tí a mọ̀ sí Mùsùlùmí àkọ́kọ́ tó jẹ Olúwo, ọba Ìwó, ti wà lórí ìtẹ́. Àwọn àfáà ti ń kọ́ ọmọ ní wàláà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Àṣà kéú sì mọ bí a ti ń fa òbí mọ́ra. Lọ́jọ́ Àlàrùbá, ọmọ á mú owó kékeré lọ fún àfáà. Bó bá dé àwọn ìpele kan nínú Kùránì, wọn á ṣe sàráà nílé. Nítorí náà òbí tí kò mọ álífù mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ bá ẹ̀kọ́ dé. Bí ọjọ́ wòlímọ̀ bá wá kò, ọmọ á ṣí Kùránì níwájú gbogbo ayé, á kà á sókè, àfáà á sì tún un ṣe níbi tó bá ti ṣì í. Ìyá ń gbọ́, àwọn ará àdúgbò ń gbọ́, owó ń rọ̀ sórí ọmọ. Èmi kò rò pé ẹran àti ìlù nìkan ló ń pe èrò jọ. Òbí fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ohun tí owó rẹ̀ rà, ìyẹn ló ń mú inú rẹ̀ dùn láti tún ná sí i.

Ẹ wá wo ìpàdé PTA. Àwọn òbí á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí a kàn fún ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ òrùlé tí ìjì ṣí ni wọn á kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, lẹ́yìn náà owó oṣù olùkọ́ tí PTA fúnra rẹ̀ gbà, lẹ́yìn náà ti ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ìwé. Ó pọ̀ níbi tí wọn kì í ti dárúkọ ọmọ kankan títí ìpàdé fi tú, àfi èyí tó bá ṣẹ̀. Obìnrin tó pa ìsọ̀ tì ní ọjà Odò-Orí láti wá gbọ́ iye tí wọ́n bù lé e lórí, n kò lè bá a wí bí kò bá tún yọjú ní sáà tó tẹ̀ lé e.

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà sì dá kún un. Ti 1955 ṣì wà lọ́kàn àwọn àgbà nígbà tí ìjọba gómìnà Bọ́lá Ìgè sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ láti 1979, nígbà tí Ìwó ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, kí wọ́n tó dá Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ (UBE) ti 2004 tún sọ ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ nílé ìwé di ọ̀fẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ òbí gbà pé ìjọba ti gba ẹrù náà lórí àwọn pátápátá. Ṣùgbọ́n òfin 2004 yìí kan náà ló sọ ọ́ di dandan fún òbí láti rí i pé ọmọ parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré.

Bó bá jẹ́ ti inú dídùn nìkan, wòlímọ̀ ti borí. Ṣùgbọ́n ta ló máa dìde níbi wòlímọ̀ láti bèèrè bí wọ́n ṣe ná owó? Àwọn òbí kan ń jẹ gbèsè nítorí àgbò nígbà tí ọmọ kò ní ìwé ìṣirò, ọmọ tálákà a sì máa ka Kùránì tán kó máa retí ọdún tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ yóò tẹ owó ayẹyẹ. PTA ní ìwé ìpàdé, ó ní akápò tí òbí yòówù lè bi léèrè, ó ní alága tí a lè fi ìbò yọ. Ilé ìyàgbẹ́ tí PTA bá kọ́, ọmọ ẹni tí kò san kọ́bọ̀ yóò lò ó.

Ohun tó mú òṣùwọ̀n mi tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ PTA jùlọ nìyí. Ìwó kì í ṣe ìlú ẹ̀sìn kan. Onítẹ̀bọmi ti ta gbòǹgbò níbẹ̀: orí ilẹ̀ Baptist College àtijọ́ ni Yunifásítì Bowen wà lónìí. Lẹ́yìn 1970 ni ìjọba gba àwọn ilé ìwé ìjọ, tí ọmọ gbogbo ẹ̀sìn sì ń jókòó pọ̀ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, 2016, ilé ẹjọ́ gíga Ọ̀ṣun dájọ́ pé ọmọbìnrin Mùsùlùmí lè wọ híjáàbù lọ sí ilé ìwé ìjọba. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan fi wọ aṣọ akọrin àti aṣọ ìjọ wá sí Baptist High School tó wà ní Adéẹ̀kẹ́, Ìwó, láti fi hàn pé wọn kò fara mọ́ ìdájọ́ náà. N kò fẹ́ tún ẹjọ́ náà dá. Mo kàn ń wò ó pé mọ́ṣáláṣí ń pe àwọn tirẹ̀ jọ, ṣọ́ọ̀ṣì ń pe àwọn tirẹ̀ jọ. Abẹ́ òrùlé PTA nìkan ni ìyá ọmọ àfáà àti bàbá ọmọ díákónì ti lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, kí ohùn wọn dọ́gba lórí kíláàsì kan náà. Àwùjọ tó lè ṣe irú èyí kò yẹ ní fífi sílẹ̀ fún ìyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti hẹ́dímásítà.

PTA ni mo gbé ipò àgbà fún, ṣùgbọ́n kó lọ yá ọgbọ́n lọ́wọ́ kéú. Kí àfáà kéde ìpàdé lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, kí pásítọ̀ kéde rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n má sì gbé e sí ọjọ́ ọjà. Ẹ̀yin alága PTA ní Ìwó, ẹ jọ̀wọ́, ní sáà tó ń bọ̀, ẹ pe ọmọ kíláàsì kẹta jáde kó kàwé sétígbọ̀ọ́ ìyá rẹ̀, kí olùkọ́ tún un ṣe níbi tó bá ti ṣì í, kí ẹ tó dárúkọ owó.