Síídì Tí Kò Jẹ́ Kí Àyẹ̀wò Ráàmù Bẹ̀rẹ̀

Bí kọ̀ǹpútà bá ń kú fúnra rẹ̀ tí ó tún ń jí fúnra rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ṣàdédé di búlúù tí lẹ́tà funfun sì bò ó, tàbí tí iṣẹ́ tí wọ́n tọ́jú sínú rẹ̀ lánàá kò ṣeé ṣí mọ́ lónìí, ráàmù wà lára ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Ráàmù ni ibi tí ẹ̀rọ náà ń kó iṣẹ́ tí ó ń ṣe lọ́wọ́ sí, gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ a sì máa pa rẹ́ ní kété tí iná bá kúrò. Ní Ọ̀wọ̀, níbi tí Rufus Giwa Polytechnic àti Achievers University wà, títí dé Ìfọ́n tí í ṣe olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí ń bá ará ìlú tẹ̀wé ń lò, iná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ kò sì ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lóore. Ó tọ́ kí a yẹ ráàmù wò kí a tó náwó sórí òmíràn.

Ètò tí a mọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ni Memtest86 tí Chris Brady kọ; láti ara rẹ̀ ni Samuel Demeulemeester ti mú Memtest86+ jáde ní 2004, ọ̀fẹ́ sì ni. Irú ètò yìí kì í ṣiṣẹ́ láti inú Windows, nítorí Windows fúnra rẹ̀ ti jókòó sínú ráàmù, ẹni tí ó sì jókòó sórí ẹní kò lè gbá abẹ́ rẹ̀. Síídì tàbí fláàṣì ni a gbọ́dọ̀ fi tan ẹ̀rọ kí Windows tó dìde, èyí tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pè ní búùtù, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .iso jẹ́ àwòrán odindi síídì: kì í ṣe àwọn fáìlì inú síídì náà nìkan ni ó gbé, ó tún gbé àmì ìbẹ̀rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń wá kí ó tó lè búùtù, gẹ́gẹ́ bí ìlànà El Torito ti ọdún 1995 ti là á sílẹ̀. Ẹni tí ó bá da fáìlì yìí kọ sórí síídì bí ẹni da orin kọ, dípò kí ó tú àwòrán náà sórí rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀nù, kò tíì ṣe nǹkan kan, nítorí àmì náà ṣì wà ní dídì sínú fáìlì, Windows yóò sì dìde bí ẹni pé kò sí síídì nínú ẹ̀rọ rárá. Ọ̀nà láti mọ èyí kò le. Kí a ṣí síídì náà nínú Windows. Bí ó bá jẹ́ fáìlì .iso kan ṣoṣo ni a rí, a ti ṣì í bọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé a rí fódà bíi “boot” tàbí “EFI”, ó ṣeé ṣe kí ó dára. Láti Windows 7 ni Windows ti ní ohun èlò tirẹ̀ fún bíbọ́ọ̀nù: a ó tẹ ọ̀tún máòsì lórí fáìlì náà, a ó yan “Burn disc image”, a ó sì fàmì sí ibi tí yóò ti yẹ síídì wò lẹ́yìn iṣẹ́. CD-R tí a bá bà jẹ́ ti lọ nìyẹn. CD-RW ni a lè pa rẹ́ kí a tún lò.

Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé inú zip ni wọ́n máa ń di Memtest86+ sí, a sì gbọ́dọ̀ tú u kí a tó bọ́ọ̀nù. Bí íntánẹ́ẹ̀tì bá já láàárín ìgbà tí a ń wa fáìlì náà sílẹ̀, ó lè má pé. Àṣẹ certutil inú Windows yóò gbé nọ́mbà SHA256 rẹ̀ jáde, kí a fi wé èyí tí àwọn tí ó ṣe ètò náà kọ sílẹ̀. Bí iná bá lọ nígbà tí kọ̀ǹpútà tí kò ní UPS ń bọ́ọ̀nù lọ́wọ́, síídì náà ti bàjẹ́. Eruku ojú lẹ́ńsì kò sì kéré nínú ọ̀ràn yìí, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́, nítorí náà ó sàn kí a yan ìyára tí ó lọ sílẹ̀.

Bí síídì bá dára tí ẹ̀rọ kò sì kà á, F12 ni ọ̀pọ̀ Dell àti Lenovo fi ń ṣí àkójọ ibi ìbúùtù, F9 sì ni ti ọ̀pọ̀ HP. Lórí ẹ̀rọ tuntun, Secure Boot, ààbò tí kì í jẹ́ kí ètò tí kò mọ̀ búùtù, lè dí i lọ́nà, ẹ̀dà Memtest86+ tí ó ṣáájú 6.00 ti ọdún 2022 kò sì bá ẹ̀rọ tí UEFI, ọ̀nà ìbúùtù tuntun, nìkan ni ó ń lò mu. Ẹ̀rọ tí kò ní ojú síídì ń fẹ́ fláàṣì, ètò Rufus sì ń ṣe é. Àṣìṣe dída fáìlì kọ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí àyẹ̀wò bá bẹ̀rẹ̀, kí ó yí gbogbo ìpele rẹ̀ po lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán, bí iná bá sì gbà, kí ó sun ibẹ̀. Ìlà pupa kan ṣoṣo, tí ó ń fi àṣìṣe hàn, ti tó láti má fọkàn tán ẹ̀rọ náà mọ́. Kí a pa á, kí a yọ iná rẹ̀, kí a fi rọ́bà ìpalẹ́ẹ̀dì nu ẹsẹ̀ wúrà ráàmù, kí a sì máa yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí àṣìṣe bá ń bá ráàmù kan lọ sí ihò yòówù tí a bá fi í sí, òun ni a ó pààrọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ń jẹ́ ihò kan náà ni ó ń fi hàn, ráàmù yòówù tí ó wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pátákó ẹ̀rọ ni ó bàjẹ́, ráàmù tuntun kò sì ní wò ó sàn.