Ewé Ni A Ń Já, A Kì í Pa Igi

Àwọn kan lè bi mí pé kí ló kan babaláwo nínú ọ̀rọ̀ igi Kérésìmesì. Ọ̀rọ̀ igi ni ó kàn mí.

Ọmọbìnrin mi tó ń gbé nílùú Ọba pè mí lórí fóònù. Ní ọdún tó bí àkọ́bí rẹ̀, òun àti ọkọ rẹ̀ gbin igi eléwé bí abẹ́rẹ́ kan sẹ́yìnkùlé. Igi náà ti ga ju ọmọ lọ báyìí, ọkọ sì fẹ́ gé e wọlé fún ọdún. Ọmọ fárígá, ó ní igi òun ni. Ìyá rẹ̀ ní, "Bàbá, kí ni ká ṣe?"

Ilẹ̀ Jámánì ni àṣà igi yìí ti gbilẹ̀. Ní 1848, ìwé ìròyìn kan ní London tẹ àwòrán Ọbabìnrin Victoria, Albert ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ Jámánì, àti àwọn ọmọ wọn nídìí igi náà, àṣà náà sì túbọ̀ tàn kálẹ̀. Nígbà òtútù tí ewé igi mìíràn ti wọ́ dànù, tirẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Àwa náà mọyì irú àmì bẹ́ẹ̀: akòko wà fún oyè, pèrègún wà fún ojúbọ, màrìwò sì wà fún Ògún. Ṣùgbọ́n ta ni ń bẹ́ igi akòko lulẹ̀ nítorí pé a fẹ́ fi ọba jẹ? Ewé ni a ń já, igi a sì dúró de ọba tó ń bọ̀.

N kò gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ kalẹ̀ tí mo fi dá a lóhùn. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tọrọ igi lọ́wọ́ ọmọ. Bí ó bá kọ̀, kí wọ́n ra òmíràn lọ́jà. Bí ó bá gbà, kí wọ́n bu omi tútù sídìí igi, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe kí irin tó kàn án. Kí wọ́n má sì gé e dé ilẹ̀, torí kò dà bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń ta ọmọ nídìí. Bí ẹ̀ka ìsàlẹ̀ bá ṣẹ́ kù lára kùkùté pẹ̀lú ewé tútù, ọ̀pọ̀ irú igi bẹ́ẹ̀ a tún máa rú, a sì di igi mìíràn. Àwọn àgbẹ̀ kan ń gé e bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún. Èyí tó bá wọlé, kí wọ́n fi ìdí rẹ̀ sínú omi, torí igi gbígbẹ àti iná kì í ṣọ̀rẹ́.

Ọmọ ní kí wọ́n mú òkè, kí wọ́n fi ìsàlẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Bàbá rẹ̀ gbà.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ńkọ́? Igi tó ṣíji bo àgbàlá yín láti ayé bàbá yín, ẹ má torí ọdún ọjọ́ kan bẹ́ ẹ lulẹ̀. Ẹ̀ka kan tó o ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá sì di dandan kó gé igi, kó gbin òmíràn kí òjò tó ń bọ̀ tó dá.