Èrè Wà Nínú Ìwé, Owó Kò Sí Nínú Báàgì

Àwọn ará àdúgbò mi ní Ìkòròdú kò yé bi mí pé kí ni mo tún ń wá lọ sí yunifásítì, nígbà tí mo ti gba HND nínú ìṣirò owó ní Pólì wa ní Odógunyàn, èyí tó di LASUSTECH lọ́dún 2022. Ìbéèrè wọn kò burú. Olóyè HND kì í ṣàdédé bọ́ sí M.Sc.; PGD ni yóò kọ́kọ́ gbà, kó tó kan ohun tó torí ẹ̀ wá gan-an. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa buwọ́ lu àyẹ̀wò ìwé owó ilé-iṣẹ́, ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn akáúńtáǹtì, bíi ti ICAN, ni kó lọ ṣe.

HND kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé owó. M.Sc. ń kọ́ mi kí n má tètè gbà á gbọ́.

Àǹtí mi ń ta ọ̀bọ̀kún àti epìyà lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ jẹ́ ká ní lọ́sẹ̀ kan, ó ná 400,000 náírà sórí ẹja, yìnyín àti ọkọ̀, ó sì ta gbogbo rẹ̀ ní 520,000. Èrè 120,000 nìyẹn, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ àwọn oníbúkà ti kó ẹja 300,000 lọ láwìn. Owó tó wọlé kò ju 220,000 lọ. Àǹtí jèrè, síbẹ̀ owó ọwọ́ rẹ̀ ti fi 180,000 dín sí ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ mélòó ni ẹja ń lò nínú yìnyín kí wọ́n tó rà á? Ọjọ́ mélòó ni àwìn ń pẹ́ níta? Ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá yọ iye ọjọ́ tí àwọn apẹja lè fi ní sùúrù fún owó tiwọn. Èyí tó ṣẹ́ kù ni iye ọjọ́ tí Àǹtí ń fi owó ara rẹ̀ gbé ọjà dúró. Ohun tí à ń ṣe ní kíláàsì kò ju báyìí lọ, àfi pé òdo inú rẹ̀ pọ̀ sí i.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún Àǹtí. Ó ní, “Ṣé ìyẹn lo ń sanwó ilé-ìwé sí? Èmi ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.”

Lóòótọ́ ló mọ̀ ọ́n, nítorí ó mọ àwọn onígbèsè rẹ̀ lórúkọ. Ẹni tó ra ìpín ilé-iṣẹ́ ńlá kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ìwé nìkan ló ń rí. Lọ́dún 2006, Cadbury Nigeria, àwọn tó ń ṣe Bournvita, kéde fúnra wọn pé wọ́n ti bu èrè tí kò sí kún ìwé owó àwọn fún ọdún mélòó kan. Ọ̀gá àgbà àti ọ̀gá owó kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lọ́dọọdún ni àwọn ọ́dítọ̀ ń yẹ ìwé náà wò.

Bí èrè bá ń ga lọ́dọọdún, tí owó tó ń wọlé láti inú òwò kò bá a rìn, gbèsè tó wà níta àti ọjà tó wà ní sítọ́ọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú wò. Ọ̀fẹ́ ni ìwé ọdọọdún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ìpín wọn wà lọ́jà. Tí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá bi mí pé ìpín wo ni kí wọ́n rà, ojú ewé tí wọ́n kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde sí ni mo máa ń ní kí wọ́n ṣí. Púpọ̀ nínú wọn kì í tún bi mí mọ́.